Nígbà Tí Àkùrọ̀ Wa Ń Sinmi

Ẹ má pa fáànù yẹn, ẹ jẹ́ kó máa yí. Ẹ kàn sún mọ́ mi díẹ̀, torí ohùn mi kò lọ sókè mọ́, kò tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ lọ sókè rí. Ẹ bi mí láàárọ̀ yìí, nígbà tí ẹ̀ ń gbọ́n omi jáde nínú pálọ̀, pé kí ló dé tí bàbá bàbá yín fi kọ́lé sójú omi. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Kò kọ́lé sójú omi. Nígbà tó kọ́ ilé yìí, omi kì í gba ibí. Omi ní ibi tirẹ̀, gbogbo wa la sì mọ ibẹ̀.

Ibi tirẹ̀ náà ni ẹ̀yìn ògiri gíga ọ̀hún yẹn, níbi tí àwọn tírélà ń tò sí láti òwúrọ̀ tí wọ́n ń fọn fèrè síra wọn. Àkùrọ̀ ni gbogbo ibẹ̀. Orí kọnkéré ni wọ́n bí ẹ̀yin sí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Àkùrọ̀ ni ilẹ̀ rírọ̀ ẹ̀bá odò tí kì í gbẹ, bí ẹ̀ẹ̀rùn ti wù kó mú tó. Nígbà tí oko òkè bá ti gan, tí kò sí ewé tútù kan lọ́jà, àkùrọ̀ ló ń bọ́ ilé. Odò Olómitútù ló wà níbẹ̀. Ẹ ò lè rí i mọ́. Gọ́tà dúdú tí ẹ máa ń fo kọjá tí ẹ bá ń lọ ra búrẹ́dì, òun ló kù nínú rẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ni olórí àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìyá Àkùrọ̀ ni wọ́n ń pè é láti ibí dé Ìjókò. Kò ga, kò sanra, ṣùgbọ́n tó bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kì í tún un sọ. Ìfọ̀ ni wọ́n ti gbé mi wá fún ọmọ rẹ̀. Ìwé kẹrin ni mo kà dé kí bàbá mi tó ní ó tó, ojú sì máa ń tì mí débi pé tí àlejò bá kí mi, ilẹ̀ ni mo máa ń wò dá a lóhùn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀lé Ìyá lọ sí àkùrọ̀, mo tẹ ibi tí kò yẹ kí n tẹ̀, mo sì rì dé ìbàdí. Sálúbàtà mi tuntun ò jáde mọ́ títí dòní. Àwọn obìnrin fà mí jáde, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìyá ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ìyàwó ń kí odò ni." Láti ọjọ́ yẹn ni ara mi ti balẹ̀ nílé rẹ̀.

Òwúrọ̀ ibẹ̀ ni n kì í lè gbàgbé. Ìkùukùu á jókòó sórí àkùrọ̀ bí òwú tí ẹnìkan tú sílẹ̀ tí kò tíì ran. Ẹsẹ̀ á tutù, imú á tutù, a ó máa fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná ẹnu sí ọwọ́. Akèrè á máa ké. A ó máa gbọ́ igbá tí wọ́n fi ń bu omi wọ́n ẹ̀fọ́, tẹ̀tẹ̀ níhìn-ín, ṣọkọ lọ́hùn-ún, gbọ̀ọ̀rọ̀ tó ń nà lórí ilẹ̀. Tí rélùwéè bá fọn fèrè láti Ìjókò, Ìyá á nàró ṣánṣán, á gbá ẹ̀yìn rẹ̀, á ní, "Ó tó gẹ́ẹ́, kí oòrùn tó bá wa níbí." Ooru wà nígbà náà o, n kò ní oòrùn kò sí. Ṣùgbọ́n ooru mọ ìgbà tó ń lọ sílé. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, afẹ́fẹ́ á gba orí omi wá sí ojú wíńdò wa, a ó sì fa aṣọ bora. Ní báyìí, ògiri àti páànù ń mu oòrùn lọ́sàn-án, wọ́n ń pọ̀ ọ́ síta lálẹ́, àwa sì ń sùn sórí símẹ́ǹtì bí ẹja tí wọ́n sá.

Nǹkan kan wà tí a máa ń ṣe níbẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún yín dáadáa, torí òun ló gbé wa dé ibi tí a wà yìí.

Tí òjò bá dáwọ́ dúró, tí omi fà sẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kì í sáré wọ àkùrọ̀. A máa ń fi í sílẹ̀ kó sinmi. Gbogbo igi ààlà tí a fi pín in láti ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, a ó fà á tu, a ó kó o jọ sẹ́yìn ilé Ìyá. Ọkọ́ á lọ sórí àjà. Koríko á hù, ẹja kéékèèké á padà wá, ẹrẹ̀ á jókòó. Ní gbogbo ìgbà ìsinmi yìí, àkùrọ̀ kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Bí baba ńlá rẹ bá tilẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí tó fi kú, o kò gbọdọ̀ la ẹnu sọ pé tìẹ ni. Odò ló ni ín. Nígbà tí ìsinmi bá parí, Ìyá á wọ ibẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, á sì tún un pín fún wa, ẹni tó ṣàìsàn lọ́dún tó kọjá á gba ibi tó rọrùn, ẹni tó bí ọmọ púpọ̀ á gba èyí tó fẹ̀. A ó wá se ẹja àrọ̀, a ó jókòó sórí koríko jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀kọ. Ẹni tó bá sọ pé "tèmi ni" nígbà ìsinmi, kò ní rí ìpín gbà. Mo rí obìnrin kan tó fi àwàdà sọ ọ́ lọ́nà odò. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ló fi jókòó sílé tó ń wò wá. Wọ́n bẹ Ìyá títí, ó kọ̀. Ó ní tí a bá ti lè fi í ṣe àwàdà, láìpẹ́ ẹni tó lágbára jù ló máa gba gbogbo rẹ̀.

Òfin yẹn dáa. Títí di òní, n kò rí òfin tó dáa tó o. Ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ni aṣọ ń bá ènìyàn mu, ìjọba kò sì wọ tiwa.

Ìgbà Sáàpù ni, ètò ìjọba tó sọ owó wa di yẹpẹrẹ. Ẹ ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, ẹ ò mọ ojú rẹ̀. Náírà ń ya lọ́wọ́ ènìyàn bí ewé gbígbẹ. Iléeṣẹ́ aṣọ tí bàbá bàbá yín ń bá ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà Ìdìrókò dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró, òun náà wà nínú wọn. Ó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti òwúrọ̀, ó ń gbọ́ rédíò. Ọjọ́ kan bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin kan dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba, ó wọ bàtà dúdú tó ń dán, àwọn géńdé méjì gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ tẹ̀lé e. Àkùrọ̀ ń sinmi nígbà yẹn. Koríko ti ga dé àyà.

Ìyá ń bó ẹ̀gúsí pẹ̀lú àwọn obìnrin bíi mélòó kan.

"Ẹ kú ilé o, Màmá," ọkùnrin náà wí. "Ilẹ̀ iwájú yìí, ta ló ni ín?"

Ìyá kò gbójú sókè. "Odò ló ni ín."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Odò kì í ní ilẹ̀, Màmá. Ènìyàn ni mò ń bèèrè."

"Kò sí ènìyàn kankan."

"Kò sí ẹni tó ń dáko níbẹ̀?"

"Ṣé ẹ rí ebè ni?"

Ó na ọrùn, ó wo koríko. "N kò rí ebè."

"Ojú yín dáa nígbà náà."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ọ̀gá, ẹ má wọ̀ ọ́ o. Tí ẹ bá wọ̀ ọ́, bàtà yẹn náà á di ti odò." Ọkùnrin náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ènìyàn búburú, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Ìyá, ó ní, "Màmá, mo fẹ́ kó yé yín. Ohun tí ẹ bá sọ ni màá mú lọ. Tí ẹ bá ní tiyín ni, màá sọ pé tiyín ni."

Ọkọ mi dìde níbi rédíò rẹ̀. "Ìyá, ẹ dá ọ̀gá lóhùn dáadáa."

"Mo ti dá a lóhùn," Ìyá wí. "Àbí ìwọ lo fẹ́ sọ ọ́, Múfú?"

Ọkọ mi wo koríko, ó wo igi ààlà tó wà lẹ́yìn ilé. Ó tún jókòó. Ta ló máa sọ ọ́? Gbogbo wa ń retí ìpín wa. Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó sì lọ. Títí di ìrọ̀lẹ́ la fi ń sọ̀rọ̀ bàtà rẹ̀, tí à ń rẹ́rìn-ín.

Ìsinmi parí, Ìyá pín in fún wa, a jẹ ẹja, a gbin ẹ̀fọ́. Tẹ̀tẹ̀ ti dé orúnkún nígbà tí wọ́n wá ri òpó kọnkéré mọ́ àárín ebè wa. Wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ sọ wá sí ìpàdé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ìyá wọ aṣọ òfì rẹ̀, èmi àti ọkọ mi tẹ̀lé e. Ibẹ̀ la ti gbọ́ pé wọ́n ti ya gbogbo ẹ̀bá odò sọ́tọ̀ fún iléeṣẹ́, pé ilẹ̀ òfìfo ni, kò ní onílẹ̀, kò ní oko. Ọkùnrin tó ń darí ìpàdé ní iléeṣẹ́ máa gba ọmọ wa síṣẹ́, ọ̀nà máa dé, iná máa dé. Àwọn ọ̀dọ́ pàtẹ́wọ́. Bí ebi bá ń pa ọ̀dọ́, ta ló máa bá a wí?

Ìyá dìde. "Tiwa ni ilẹ̀ yẹn. Ẹ wá wo ebè wa."

"Màmá, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ pé kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni," ọkùnrin tó ń darí ìpàdé wí.

"Nígbà yẹn, odò ló ni ín. Ní báyìí, àwa la ni ín."

Ẹnìkan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Màmá, ṣé odò ti tà á fún yín ni?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin bàtà dúdú jókòó níwájú níbẹ̀. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wo Ìyá, ó ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "Mo bi yín léèrè, Màmá. Mo tún bi yín lẹ́ẹ̀kejì." Ìyá tún aṣọ òfì rẹ̀ ró, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde.

A fẹsẹ̀ rìn padà wálé. Ọkọ mi ní, "Ìyá, tí iléeṣẹ́ bá dé, màá ríṣẹ́."

"O níṣẹ́. Kò wù ọ́ ni."

"Ta ló ń fi tẹ̀tẹ̀ tọ́ ọmọ láyé ìsinsìnyí?"

"Tẹ̀tẹ̀ ni mo fi tọ́ ìwọ."

Ọkọ mi yára rìn síwájú, ó fi wá sílẹ̀ lẹ́yìn.

Tipa ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀ pupa sórí ẹ̀fọ́ tí a kò tíì já. Àwọn akèrè jáde wá sójú ọ̀nà, wọ́n ń fò káàkiri, wọn ò mọ ibi tí wọ́n ń lọ, tipa sì ń tẹ̀ wọ́n. Ìyá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ó ń wò wọ́n. Mo gbé oúnjẹ fún un, ó ní kí n gbé e padà. Wọ́n máa ń ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Tiwa, omi dànù, agbè sì fọ́ pẹ̀lú.

Iléeṣẹ́ tó ń ṣe abọ́ rọ́bà ni wọ́n kọ́ síbẹ̀. Èéfín rẹ̀ máa ń wọ ọ̀fun. Nígbà tí iléeṣẹ́ kan ti dé, àwọn yòókù tẹ̀lé e: ibi ìkẹ́rù, ibi tí wọ́n ti ń gé búlọ́ọ̀kù, ilé epo, ìsọ̀ títí lọ. Ẹni tó bá ti wá sọ pé òun fẹ́ kọ́ nǹkan, wọ́n gbà fún un. Kò sẹ́ni tó bèèrè pé ọ̀nà mélòó ló wà tí ọkọ̀ wọ̀nyí máa gbà. Ọ̀nà kan ṣoṣo náà ni, èyí tí à ń rìn lọ sí Ṣàngó tẹ́lẹ̀, tí a máa ń jẹ ìrèké lọ, tí ìrèké kì í tán kí a tó dé. Lọ́dún kan, àwọn onígẹ̀lẹ̀dẹ́ ń kọjá lọ sóde, tírélà kan sì há sáàárín ọ̀nà. Ẹni tó gbé ère lórí dúró nínú oòrùn, aṣọ lórí aṣọ, ṣaworo lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kò dún mọ́. Ọmọ ọkọ̀ yọrí jáde, ó ní, "Bàbá eégún, ẹ ṣe sùúrù, ọ̀gá mi ń gbìyànjú." Wọ́n ní, "Ta ni eégún? Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nìyí, aláìmọ̀kan." Ó ní, "Èyíkéyìí tí ẹ bá jẹ́, ọ̀nà ò sí." A rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n gbà lọ, wọn kò sì gba ọ̀dọ̀ wa mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ọkọ mi ríṣẹ́ lóòótọ́. Kásúà, òṣìṣẹ́ ojúmọ́, ni wọ́n gbà á sí, ó ń ru ẹrù. Ó ń fún ìyá rẹ̀ lówó, Ìyá ń gbà á láìwo ojú rẹ̀.

Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró lọ́dún tí wọ́n gbà á síṣẹ́, Ìyá tún wọ aṣọ òfì. Ó ní kí n tẹ̀lé òun lọ sí iléeṣẹ́. Bàbá kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń ṣọ́ géètì. Ó fi bẹ́ǹṣì rẹ̀ sílẹ̀ fún Ìyá.

"Ẹ kú àtijọ́, Ìyá wa. Ta lẹ fẹ́ rí?"

"Ọ̀gá yín. Sọ fún un pé ìgbà ìsinmi ti dé. Kó pa ẹ̀rọ rẹ̀ títí n ó fi ránṣẹ́ sí i."

Bàbá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ fìlà, ó họ orí. "Ìyá, nílé wa náà, ọjọ́ wà tí ẹnikẹ́ni kì í lọ oko. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń sinmi. Wọ́n ti bo ilẹ̀."

"Ó ṣì wà lábẹ́."

"Bóyá. Tí ọ̀gá bá pa ẹ̀rọ, èmi náà á padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́la, Múfú yín á sì padà sídìí rédíò."

"Lọ jíṣẹ́ mi."

Ó wọlé lọ. A gbọ́ ariwo ẹ̀rọ, a gbọ́ ẹnìkan tó ń rẹ́rìn-ín nínú lọ́hùn-ún. Nígbà tí bàbá náà jáde, abọ́ rọ́bà pupa tuntun kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá ní kí wọ́n fún Màmá." Ojú ti òun náà. Ìyá wo abọ́ náà dáadáa, ó yí i po, ó fi ìka kan ìdí rẹ̀. Ó wá gbé e kalẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì. "Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀," ó wí, ó sì dìde.

Òjò àkọ́rọ̀ tó tẹ̀lé e ni omi kọ́kọ́ wọ ilé yìí. Ọ̀sán gangan ni. Mo ń sá aṣọ nígbà tí mo rí i tó ń bọ̀ lójú àgbàlá, pupa bí yẹ̀pẹ̀ wọn, tó ń ti àwọn abọ́ fífọ́ níwájú. Ọkọ mi ń di yẹ̀pẹ̀ sínú àpò, ó ń tò ó sẹ́nu ọ̀nà. Omi gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Ìyá gun orí bẹ́ẹ̀dì, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ó ń wo ẹní rẹ̀ tó ń léfòó. Ọkọ mi ń sunkún, ó rò pé òjò ni kò jẹ́ kí a rí i. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú." Ìyá ní, "Bíbínú sí ta? Èmi ni wọ́n bi léèrè." A fi ẹjọ́ sùn ní ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n ní kí a máa kó gọ́tà wa.

Kò pẹ́ sí i, nǹkan tí wọ́n fi ń ṣe rọ́bà wọ́n ju ohun tí iléeṣẹ́ lè rà lókè òkun lọ. Wọ́n dá àwọn kásúà dúró, wọ́n dá bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ dúró, wọ́n ti géètì. Ẹlòmíràn ra ibẹ̀, ó sọ ọ́ di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Gbogbo nǹkan tí wọ́n ní kí a tìtorí rẹ̀ pàtẹ́wọ́, kò pẹ́ tó ìgbà tí ènìyàn fi ń já ọmọ lẹ́nu ọmú. Àkùrọ̀ kò sì padà. Kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kó yẹ̀pẹ̀ kúrò lórí odò.

Ìyá kò ra ẹ̀fọ́ rí láyé rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, tí kò sí ewé kankan nílé, ó ní kí n mú òun lọ sí Ṣàngó. A dúró pẹ́ kí a tó rí àyè kọjá láàárín ọkọ̀. Ó di ọwọ́ mi mú bí ọmọdé. Ọmọbìnrin kan to tẹ̀tẹ̀ sórí àpò níwájú gọ́tà, ó ń wọ́n omi sí i lára. Ìyá bẹ̀rẹ̀, ó mú ìdì kan, ó wo gbòǹgbò rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ibo lo ti mú un wá, ọmọ mi?"

Ọmọbìnrin náà kò mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Ẹ̀fọ́ àkùrọ̀ Ọ̀tà ni, Màmá. Ẹ ò lè rí irú rẹ̀ níbòmíràn. Àwọn ìyá kan ló ń gbìn ín lẹ́bàá Olómitútù, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń rà á láràárọ̀."

Mo la ẹnu láti sọ òótọ́ fún un. Ìyá tẹ ọwọ́ mi.

"Ó dáa," ó wí. "Wọ́n kú iṣẹ́. Dì í fún mi."

Ó sanwó, kò yọwó. Ó gbé ẹ̀fọ́ náà mọ́ra títí a fi délé, ó sì já ewé rẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo sè é. Nígbà tí mo gbé e síwájú rẹ̀, ó ṣí ìkòkò, ó wò ó, ó tún un dé. Ó ní kí n bu ún fún àwọn ọmọ.